Èyí Tí Owó Ẹ̀ Bá Kéré Jù

Sátidé. Oòrùn Houston mú gan-an lónìí. Mo gé koríko, a jẹ ẹ̀wà, màmá wọn lọ síbi ìkómọ ní Alief. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àfi gbólóhùn kan tí kò jẹ́ kí n gbádùn.

Àbíkẹ́yìn wà lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń ròyìn àwọ̀n tá a fẹ́ ta sí ẹ̀yìnkùlé kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù baseball ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, níbẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà ní kíṣìnnì. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ bi í ní nǹkan kan tí mi ò gbọ́, òun náà wá dáhùn pé: "Dádì mi kẹ̀? Èyí tí owó ẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n máa rà." Kò fi bú mi o. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo ní kí n gbàgbé ẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo padà sórí ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Ẹni tó dàgbà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ṣe tán, mo mọ àwọ̀n. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ la fi ń dá a mọ̀: wàá fa kókó ẹ̀, wàá na ojú ẹ̀ láàárín ìka, o ti mọ̀ bóyá á pẹ́. Níbí, àwòrán ni wọ́n ń fi hàn mí.

Náílọ́nì lágbára ju polyethylene, irú ike kan, lọ tó bá di pé okùn méjèèjì nípọn bákan náà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó máa ń mumi, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́ tí wọn ò bá ti fi ọ̀dà tàbí aró tọ́jú ẹ̀. Fún abẹ́ òrùlé, ó dáa. Fún ìta gbangba nílùú yìí, polyethylene ni tèmi, èyí tí wọ́n ti po oògùn tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè jẹ ẹ́ mọ́. Omi kì í wọ̀ ọ́. Mo ti pinnu ìyẹn kí n tó gbọ́ ohun tọ́mọ yẹn sọ, ẹ jọ̀ọ́, kó wà lákọsílẹ̀.

Bí okùn ṣe nípọn tó ló kù. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é: 21, 36, 42, 60, bó ṣe ń ga ló ń nípọn sí i. 21 lè tó ọmọdé tó ń gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. 36 ni mo ti fojú sí tẹ́lẹ̀, torí apá ọmọ náà ti ń le. Láti ọ̀sán yìí ni mo ti wá ń wo 42. Kí lọmọ ọdún 11 fẹ́ fi 42 ṣe? Ṣé torí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe fẹ́ rà á, àbí torí ẹnu ọmọ?

Ahun kọ́ ni mí. Ta ló ń san owó ẹgbẹ́ tọ́mọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù? Ta ló ra báàtì tó wọ́n ju tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tí mo ní ní Amẹ́ríkà lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ọ̀rọ̀ tràǹpólíìnù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo ṣe máa ń to iye owó ọjà kí n tó wo ohunkóhun. Kí ló burú níbẹ̀? Kò burú. Ọmọ ò sì parọ́...

Ojú àwọ̀n, ínṣì 1¾. Bọ́ọ̀lù baseball fẹ̀ tó ínṣì 3 ó dín díẹ̀, kò lè gbabẹ̀ kọjá. Ti gọ́ọ̀fù á kọjá o, mo ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa ní Katy, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Apá àwọ̀n tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà lára ibi tó máa ń kọ́kọ́ já, torí ojú kan náà ni bọ́ọ̀lù ń bà ṣáá. Tí mo bá ta tàpólì tó nípọn síbẹ̀, tí mo jẹ́ kí àwọ̀n dẹ̀ díẹ̀ dípò kó le gan-an, tí mi ò sì jẹ́ kí ìdí ẹ̀ sùn sínú koríko níbi tí eku àti ẹ̀rọ ìgékoríko á ti bá a, 36 á pẹ́ dáadáa. Ìkọ́ ni màá fi gbé e kọ́, kó ṣeé tú tí ìjì bá ń bọ̀. Ẹni tó rí ìjì Beryl ní 2024 ò ní béèrè ìdí.

Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo ọgbọ́n yìí, ọgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ná owó ni. Inú mi sì dùn sí i.

Lálẹ́, ó wá jókòó tì mí. "Dádì, ṣé dúdú lẹ máa rà?" Mo ní dúdú ni, torí ó máa ń fara da oòrùn. Ó ní ó dáa. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, 36 àti 42 wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú iye wọn, ó bi mí pé èwo ló máa tètè dé. Mo fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn. Kí n wá sọ pé kí ni? Mo ní 36 ló máa kọ́kọ́ dé. "Ẹ rà á nígbà yẹn," ló wí, ó ti lọ.

Mo ti fi í sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, mi ò tíì sanwó. Màmá wọn ní kí n má gbẹ́ ihò òpó kankan láìjẹ́ pé mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, àwọn tó kọ lẹ́tà sí wa nítorí àwọ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́tà yẹn tún nìyẹn. Bóyá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.