Iná Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tó Ń Pa Ara Rẹ̀: Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Ilé alájà kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń háyà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná tó ń tan ara rẹ̀, tó sì ń pa ara rẹ̀ yìí ní gbogbo Sátidé. Gílóòbù LED mẹ́jọ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 18, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ wáàtì 144. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, wọ́n ti jẹ yúníìtì 1.44, yálà èèyàn gba ibẹ̀ kọjá tàbí kò gbà á. Gbogbo ayálégbé ló ń tàn án, kò sí ẹni tó ń pa á, nítorí pé ńṣe ni wọ́n jọ ń dá owó káàdì.

Sẹ́ńsọ̀ HC-SR501 ni mo lò. Ooru ara ẹni tó bá ń rìn kọjá ló ń ṣọ́. Bó bá ti kẹ́fín rẹ̀, á mú kí rílè, ìyẹn súìṣì tí iná mànàmáná ń tàn tó sì ń pa, so iná pọ̀. Mo fi LDR, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà, kún un kí iná má baà tàn nígbà tí ojúmọ́ bá ń wọlé.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo fi sẹ́ńsọ̀ náà sẹ́yìn gíláàsì ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn nítorí eruku. Mo rìn kọjá nígbà mẹ́rin, iná kò tàn. Mo fura sí wáyà, mo pààrọ̀ rílè, àṣé gíláàsì gan-an lọ̀tá: ojú wa ń ríran gba inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ara kì í là á kọjá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀. Mo kàn án mọ́ àjà, ó sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹjọ́ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá aránṣọ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń gbé àga síta lálẹ́ láti fi ọwọ́ rán bọ́tìnnì, ìka rẹ̀ nìkan ló sì ń mì. Ní ìdajì ìṣẹ́jú, òkùnkùn á ṣú, yóò ju aṣọ sókè kí iná tó padà, á sì pariwo pé, “Ọmọ mi, iná rẹ tún ti sá lọ o!” Mo fi ẹnu tẹ́sítà yí kọ́kọ́ kékeré ara sẹ́ńsọ̀ tó ń díwọ̀n àkókò tí iná fi ń tàn, títí ó fi sún mọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, síbẹ̀ ó ṣì ń pa mọ́ ọn lójú. Ní tèmi, sẹ́ńsọ̀ yẹ ibi tí èèyàn ń gbà kọjá, kò yẹ ibi tí èèyàn jókòó sí ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mo yọ gílóòbù tó wà lókè orí màmá náà kúrò lára àwọn yòókù, mo sì dá súìṣì tirẹ̀ padà fún un.

Sátidé tó ń bọ̀, ó kan ilé ìyàgbẹ́ ìsàlẹ̀.