Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ògbufọ̀: èdè òyìnbó àtijọ́ láàárín àwọn àgbẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, ìwé ìfẹ̀yìntì mi ti jáde, mo sì fẹ́ bá yín sọ ohun díẹ̀ kí n tó máa lọ. Èkíní, ẹ gba ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín fẹ́ sọ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ẹ kà á tán. Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí àwọn ọ̀gá fi ń bẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ ènìyàn.

Èyí tí n kò lè gbàgbé nínú wọn ni "tread on someone's corns". Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju kí a ṣẹ ẹnìkan lọ: "corn" tí wọ́n ń wí ni awọ líle tó máa ń yọ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ níbi tí bàtà ti ń fún un, tí ó máa ń dunni wọra bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ "corn" ní ilẹ̀ wa tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sórí àgbàdo?

Ilẹ̀ oko tí ìjọba gbà láti fi la ọ̀nà ni ìpàdé kan tí èmi àti ọ̀gá mi lọ bá àwọn àgbẹ̀ ṣe dá lé. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba kì í san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà fún àgbẹ̀. Ohun tó wà lórí rẹ̀, bí ilé àti irè oko, ni wọ́n ń san owó gbà-má-bínú lé lórí. Nítorí náà, àgbàdo tí katakata wó mọ́lẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ àwọn ènìyàn náà.

Mo ti rí gbólóhùn yẹn nínú ìwé ọ̀gá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ọ́. Ó ní èmi kọ́ ni mo kọ́ òun ní ìwé. Nígbà tí a débẹ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn, ó sì fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan síwájú. Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ "corns" rẹ̀, ọmọ náà sì kéde lóhùn òkè pé, "Ọ̀gá ní àwọn kò tẹ àgbàdo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀."

Gbogbo ibẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́. Bàbá kan wá béèrè bóyá ẹyẹ ló gbé katakata gba orí oko òun kọjá. Ariwo ta. Wọ́n ní ìjọba ti ń múra láti jẹ owó àwọn mọ́lẹ̀, wọn kò sì gba àwọn tó ń ka irè oko láàyè mọ́ títí kábíyèsí fi dá sí i. N kò bá ọmọ náà wí, nítorí àgbàdo ló kún ẹnu gbogbo wa láti àárọ̀. "Bí ọ̀rọ̀ mi bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú": ohun tí ọ̀gá ì bá sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà wo ni kò sì ní gbà á?

Èmi ni wọ́n kọ ìwé sí pé kí n wá wí tẹnu mi lórí ìdí tí n kò fi tọ́ ọmọ ọ́fíìsì mi sọ́nà. Mo dáhùn, mo so ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ọ̀gá mọ́ ọn, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Wọn kò tíì fún mi lésì.