Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí à ń wá ìbò fún òfin HERO ní Houston

Bí ẹ bá ń wá ìbò fún òfin tó máa dáàbò bo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ohun tó ń ba ẹni tí ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́rù ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má dúró kó tó bi yín.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2014 ni ìgbìmọ̀ ìlú Houston, ní Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí HERO (Houston Equal Rights Ordinance), ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ọgbọọgba. Ènìyàn 11 gbà á, 6 kọ̀ ọ́. Annise Parker ni méyọ̀ nígbà náà. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí irú ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ lé e níbi iṣẹ́, fi ilé dù ú, tàbí kọ̀ láti tajà fún un. Ìdí 15 ló kà sílẹ̀: àwọ̀, orílẹ̀-èdè, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, oyún, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí wọ́n ń gbọ́ ohùn wa tí wọ́n ti mọ̀ pé àlejò ni wá wà níbẹ̀ dáadáa. Kò sì kan ilé ìjọsìn.

Àwọn alátakò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ní kí ìgbìmọ̀ fagi lé e tàbí kí wọ́n gbé e fún ará ìlú dìbò. Torí pé òfin náà tún dáàbò bo ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin àmọ́ tó ń gbé bí obìnrin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá gba tẹlifíṣọ̀n kan: ọkùnrin máa wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin. Àwọn tó ń darí wa ní ká má dá sí i, ká máa sọ ti ẹ̀tọ́ lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ la ti pàdánù.

Màmá kan nítòsí òpópónà Bissonnet ní Houston ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ṣé ọkùnrin lẹ fẹ́ kó máa bá ọmọ-ọmọ mi wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o, Mà. Ẹni tó bá wọbẹ̀ lọ ṣèkà, ọ̀daràn ni. Òfin yìí ò ní kí ọlọ́pàá má mú un."

Wọ́n ní kí n jókòó. Mo sọ fún wọn pé obìnrin ni àbúrò mi obìnrin ń fẹ́, àti pé nígbà tí lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ̀, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀. (Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó máa sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú àṣírí ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, ì báà tìtorí òfin.) Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Níbo ló wá sùn?"

Látìgbà náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn Bíbélì lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwọn kan á rán mi létí òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí nílé, ní Nàìjíríà, ní 2014. Mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé ó yẹ kí àbúrò mi sùn síta? Púpọ̀ nínú àwọn tí kò fara mọ́ ọn rárá ló máa ń ní kò yẹ. Àwọn yẹn gan-an ni kí ẹ padà lọ bá.

Nínú ìbò HERO ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 ló kọ̀ ọ́. Àbúrò mi sunkún, èmi náà sunkún. Lọ́dún 2020, lórí ẹjọ́ Gerald Bostock tí wọ́n lé níṣẹ́ ní Georgia, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́, adájọ́ 6 sí 3, pé òfin àpapọ̀ ọdún 1964 dáàbò bo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin níbi iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ìdájọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ṣì wà nílẹ̀, a ò sì tíì jáwọ́. Bí ẹ bá ti ń tẹ ìwé ìpolongo, ẹ kọ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì sójú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.