Àdìrẹ Ìyá Àgbà: ibi tí àwòrán náà dé

Ìparí oṣù Kẹsàn-án

Kánfáàsì tí mo fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró ya Ìyá Àgbà sí, nínú aṣọ àdìrẹ wọn, ti wà nílẹ̀. Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra igi rẹ̀, káfíńtà àdúgbò wa ló sì bá mi kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fa aṣọ òwú funfun tó nípọn lé e lórí títí ó fi le dáadáa, mo kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, mo sì fi sáńpépà dán an. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fo ibi ìpìlẹ̀ yìí nítorí owó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òróró inú ọ̀dà máa ń jẹ aṣọ tí kò bá ní ohun tó dáàbò bò ó. Tó bá yá, aṣọ á gbó, á sì máa já. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà bá àwòrán yìí nílé.

Ìyá Àgbà ni mo ń pe ìyá tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní Òkè-Àdó. Ojú wọn wù mí yà tipẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ wọn gan-an ló gbé mi dìde lọ bẹ̀ wọ́n. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìbàdàndùn lorúkọ ọnà rẹ̀, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó tò sí lára: òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àwọn obìnrin aládìrẹ ló fi ìyẹ́ adìyẹ gbé e kúrò lórí òkè wá sára ìró. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń gé ọnà sára páànù kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ kùn ún. Ọwọ́ lásán ni wọ́n ń fi kọ ti Ìbàdàn, kò sí òpó kan tó bá èkejì rẹ̀ mu tán. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó hàn nínú àwòrán.

Àárín oṣù Kẹwàá

Òjò kò jẹ́ kí nǹkan tètè gbẹ. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú òróró náà tó ń sọ ọ́ di líle. Tí ojú ọjọ́ bá tutù tó sì rin, ẹ ó dúró dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi burnt umber, ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀, tí mo fi tọ́pẹ̀ntáìnì là ṣe ìpele àkọ́kọ́. Mangáníìsì wà nínú umber, òun ló ń mú un tètè gbẹ ju àwọn yòókù lọ. Ìpele tó bá tẹ̀ lé e ni yóò ní òróró díẹ̀ sí i, èyí tó wà lókè pátápátá ni yóò ní jù. Bí ẹ bá yí i padà, tí òkè gbẹ tí ìsàlẹ̀ ṣì ń gbẹ lọ́wọ́, ojú iṣẹ́ á sán.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń jáde. Mi ò lo dúdú rárá. Burnt sienna tó pọ́n bí amọ̀, yellow ochre tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àti ultramarine, ọ̀dà búlúù, fún ibi tí òjìji wà, wọ́n tó. Ara aláwọ̀ dúdú tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé máa ń gba àwọ̀ ojú ọ̀run sí iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aró aṣọ wọn náà sì ń tan díẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n wọn. Ọmọbìnrin kan nínú ilé wọn ní kí n yọ ilà ojú wọn kúrò kí ojú wọn lè dán. Kí n tó dáhùn ni Ìyá Àgbà ti dá a lóhùn: "Àbàjà bàbá mi ni ẹ fẹ́ pa rẹ́? Yà á síbẹ̀, ọmọ mi." Gbogbo ìlà rẹ̀ ni mo yà síbẹ̀, ó sì bá ojú wọn mu ju dídán lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, mo gbé kánfáàsì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ojú ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kan ìró. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ ni mo fẹ́ kí àwọn tó mọ aṣọ rí i. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Aláró, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n wo ojú àwòrán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá bi mí pé:

"Kí lo máa fi sí ojú ọnà rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ sọ fún mi, Ìyá. Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn."

"Má fi funfun sí i o. Ẹ̀kọ láfún kì í dí aró pátápátá. Bí a bá ti rẹ aṣọ, tí a sá a, tí a tún rẹ ẹ́, díẹ̀ á yọ́ wọlé. Àyìnrín, aró tó ṣí fẹ́ẹ́rẹ́, lo máa rí. Ibi tó bá sì ṣẹ́ po, tí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kó dúdú. Ojú kan ṣoṣo la máa ń fi ẹ̀kọ sí."

Wọ́n tún sọ pé aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró a máa ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ló ń parí iṣẹ́ tèmi náà lórí kánfáàsì.

Oṣù Kọkànlá

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí. Bí Ìyá Aláró ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tò ó: mo kọ́kọ́ kun gbogbo ìró náà ní àyìnrín tí mo fi titanium white, ọ̀dà funfun, àti ultramarine po, pẹ̀lú yellow ochre bíńtín kó lè ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ni mo po ọ̀dà aláwọ̀ aró: Prussian blue, búlúù tó ṣú, ultramarine àti burnt umber, pẹ̀lú linseed, òróró tí a fi ń po ọ̀dà, tó pọ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Prussian blue lágbára, kékeré rẹ̀ lè gbé gbogbo pákó ìpoọ̀dà mì, nítorí náà òun ni mo fi sí i kẹ́yìn.

Mo kun aró yìí bo àyìnrín pátá. Kó tó gbẹ, mo fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì àti òwú tí mo wé mọ́ igi ìṣáná nu ọnà jáde: òpó, ṣíbí, àwọn ẹyẹ inú àpótí ọnà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí mo ṣe ń nù ún ni àyìnrín ń yọ jáde láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi kì í dúró gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó kọ aṣọ náà kò dúró gbọọrọ. Níbi eékún, òpó Màpó ní láti tẹ̀ bí aṣọ ṣe tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Níbi ìbàdí tí ìró ṣẹ́ po, mo fi aró ṣú u mọ́lẹ̀, mi ò nu ohunkóhun jáde níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń lo linseed nínú ilé tí ọmọdé wà: àkísà tí ẹ fi nu ọ̀dà, ẹ má ká a jọ sínú ike. Òróró yẹn máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta.

Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ọ̀dà ń yára gbẹ, ṣùgbọ́n eruku ń wá lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kọjú àwòrán sí ògiri lálẹ́, mo sì ń yí i padà sí ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, torí linseed tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ padà.

Wọ́n ń bi mí bóyá màá gbé e lọ sí gbọ̀ngàn àfihàn ní Èkó. Kò sí lọ́kàn mi. Nígbà tí Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá Mbari, ẹgbẹ́ àti ibi ìpàdé àwọn òṣèré ọnà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1961, ìtòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n fi í sí, àárín èrò. Bó ṣe yẹ kó rí lójú tèmi nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà ní igun òpópónà wa ni yóò kọ́kọ́ wà, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, kí àwọn tó ń gbé aṣọ wá lè bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí pálọ̀ Ìyá Àgbà. Mi ò ní tà á.

Fánísì, ìpele tó ń dán tí a fi ń dáàbò bo àwòrán, ṣì di ìgbà òjò tó ń bọ̀. Ó yẹ kí ọ̀dà gbẹ fún oṣù 6 sí 12 kí a tó fi dí i. Kó tó di ìgbà náà, Ìyá Aláró ti gbà kí n ya ọwọ́ àwọn. Wọ́n ní kí n yà á níwájú ìkòkò, kì í ṣe lórí itan, ṣùgbọ́n ìkòkò tiwọn ti fọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìkòkò aró àtijọ́ kan ṣì wà lódidi ní Ìbàdàn, kó jọ̀wọ́ júwe ilé náà fún mi. Màá wá yà á níbi tó wà.