Àyẹ̀wò ọdún: Fèrè, ọwọ́ àti ẹnu

Ọyẹ́ ti dé Ìkòròdú, àwọn ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kádìí ọdún sì ti ń parí. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹfirí tí mo ṣe lọ́dún yìí, ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn kóòṣì ń yéra.

Púpọ̀ nínú wọn ju mí lọ. Àwọn kan ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mi ò sì lè torí fèrè fojú di wọ́n. Tí mo bá dé pápá, bákan náà ni mò ń kí kóòṣì ìhà méjèèjì, lójú ara wọn. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀kan, tí mo wá bọ èkejì lọ́wọ́, wọ́n á ti ní mo ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nínú eré, "ẹ" náà ni mò ń lò, àmọ́ ọ̀rọ̀ mi á kúrú: "Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà 7 ló gbá a lápá." Ìbéèrè ni mò ń dá lóhùn, mi ò kì í dá ariwo lóhùn. Tí ariwo náà ò bá dáwọ́ dúró, màá kìlọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, technical ni, ìyẹn fáòlù tí a ń fún èèyàn nítorí ìwà rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì á ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ò ní dí wọn lọ́wọ́. Bí ìwà kóòṣì fúnra rẹ̀ bá fa irú rẹ̀ méjì, ó di dandan kó kúrò ní pápá. Ó dá mi lójú pé ìkìlọ̀ tó tètè jáde ni kì í jẹ́ kó dé bẹ̀.

Ní Ìgbógbó àti Ìjẹ̀dẹ̀, orin DJ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ó yẹ kí àwọn olùṣètò gbé àwọn gbohùngbohùn yẹn jìnnà sí tábìlì akọ̀wé. Ọwọ́ ló ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tí agbábọ́ọ̀lù nọ́ńbà 24 bá ṣe fáòlù, màá kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn ọwọ́ sí akọ̀wé pẹ̀lú ìka méjì, kí n tó yí àtẹ́lẹwọ́ sí i pẹ̀lú ìka mẹ́rin. Mi ò ní sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí ojú wa á fi ṣe mẹ́rin, torí fáòlù márùn-ún ló ń lé agbábọ́ọ̀lù jáde. Tí wọ́n bá kọ ọ̀kan sórúkọ ẹlòmíràn, ìyà ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Rẹfirí ẹnìkejì mi ńkọ́? Àwa méjì péré la sábà máa ń wà lórí pápá. Ohun tí a máa ń fẹnu kò lé lórí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni pé bí fèrè wa bá dún pọ̀, ìkúùkù nìkan ló máa lọ sókè. A ó wo ojú ara wa, kí ọ̀kan ṣoṣo tó sọ ẹni tó jẹ̀bi. Tí èmi bá ní agbábọ́ọ̀lù tó ń dènà ló jẹ̀bi, tí òun ní ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ ló jẹ̀bi, kóòṣì méjèèjì ni yóò bínú, wọn ò sì jayò pa.

Lọ́dún tuntun, mo fẹ́ ká máa pe àwọn balógun ẹgbẹ́ jọ ṣáájú ìdíje. Òfin fún wọn láyè láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹfirí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kú tí aago sì ti dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń rọ́ lu wa. Mo ti bá àwọn kóòṣì kan sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà.