Ẹ gbé àwọn eku kọ́ńtróò náà dání

Ẹ̀yin àbúrò mi tó fẹ́ ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí ewé àti èso tó lè gbani lọ́wọ́ ìtànṣán, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó pa eku dànù.

Orógbó lèmi ṣe. Tí ìtànṣán gámà bá wọ ara, omi inú sẹ́ẹ̀lì ló máa ń fọ́ jù, ibẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical ti ń jáde tá á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́, èmi wá fẹ́ mọ̀ bóyá èròjà kolaviron inú orógbó lè dá a dúró. Oògùn tó wà nílẹ̀, amifostine tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1999 kí ẹnu má baà gbẹ àwọn tó ń gba ìtànṣán ní orí àti ọrùn, máa ń mú èèyàn bì, ó tún máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹ ò rí i pé kò yẹ kó yà yín lẹ́nu tí gbogbo wa bá ń sáré tẹ̀lé ewé.

A ò ní ẹ̀rọ Cobalt-60 tó ń tan ìtànṣán gámà ní dípátímẹ́ǹtì wa, hòsípítù la ń kó eku lọ, nínú mọ́tò tí éyàkọ̀n ẹ̀ ti kú, lọ́sàn-án gangan. Mo bá fi àwọn kọ́ńtróò, ìyẹn àwọn eku tá a fẹ́ fi wé àwọn yòókù, sílẹ̀ sílé, mo ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, wọn ò kúkú ní gba ìtànṣán. Rèsọ́ọ̀tì jáde, MDA, èròjà tó ń fi hàn pé ọ̀rá sẹ́ẹ̀lì ti bà jẹ́, ga fíofío lára àwọn tó lọ hòsípítù, inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí súpáfáísọ̀ mi ní, "Ìtànṣán ló ṣe wọ́n báyìí ni, àbí ooru mọ́tò?" Ẹnu mi wọ́ wọnú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe, kọ́ńtróò náà wọ mọ́tò, wọ́n dé abẹ́ ẹ̀rọ, iye ìṣẹ́jú kan náà, a ò kàn ṣí ìtànṣán sí wọn ni.

Ẹ má sì da iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ta ìtànṣán sí eku nínú tíìsíìsì sínọ̀ yín kọ o. Agbára Cobalt-60 máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 5 àti oṣù díẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ní dose rate, ìyẹn iye ìtànṣán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, ti ọjọ́ yẹn gan-an.

Ẹ̀dọ̀ eku tẹ́ ẹ fẹ́ wo MDA inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi omi iyọ̀ KCl tútù fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, torí ní ìgbì ìmọ́lẹ̀ 532 nm tẹ́ ẹ ti ń ka MDA, ẹ̀jẹ̀ tó kù síbẹ̀ máa ń parọ́ fún ẹ̀rọ.

Àǹtí mi kan tó ń gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ gbọ́ nípa orógbó mi, wọ́n ní ṣé káwọn máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Mo ní rárá o mà, ẹ bi dókítà yín ná, ohun tó ń gba sẹ́ẹ̀lì tó dáa sílẹ̀ lè máa gba ti jẹjẹrẹ náà sílẹ̀, eku nìkan ni mo sì ṣì wò.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ látọdún méjì?"