Ohun Tí Ẹsẹ̀ Oníjó Kọ́ Mi Nípa Orin Kọ̀ǹpútà

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń so sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń mọ ohun tí ara ń ṣe, mọ́ ara oníjó ní Kàbà kí ó tó yé mi pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣètò, kí n tó ṣètò ìró kankan. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin tí ara ènìyàn yóò máa darí, nítorí mo fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe tí ó gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ mi.

Fóònù àtijọ́ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Accelerometer wà nínú rẹ̀, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ kékeré tí ó máa ń mọ bí nǹkan ṣe ń yára sí i tàbí tí ìyára rẹ̀ ń dínkù, síwájú-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún-sósì, àti sókè-sílẹ̀. Mo fi ọ̀já so fóònù náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ijó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Fóònù ń fi iye ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mi nípasẹ̀ Wi-Fi. Pure Data, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Miller Puckette ṣe ní àwọn ọdún 1990, ni ó ń sọ iye náà di ìró. Ó gbé ẹsẹ̀, ó dún. Ó gbé e kalẹ̀, ó dún. Ó dúró láti mí, ó ṣì ń dún, nítorí sẹ́ńsọ̀ yẹn kì í sinmi: bí ènìyàn tilẹ̀ dúró láìmira, yóò máa ka òòfà ilẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 9.8 m/s².

Inú mi dùn sí i gan-an, mo sì gbé e lọ síbi ìpàdé ìdílé wa ní Ìsánlú. Nígbà tí a parí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ti ń wo sípíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ọmọ mi, orin yẹn ni ọmọbìnrin yìí ń jó sí, àbí òun ni ó ń kọ ọ́?”

“Òun ni ó ń kọ ọ́, mà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.”

“Èmi kò rí i. Bí onídùndún bá fún ọṣán mọ́ abíyá, mo máa ń rí apá rẹ̀ kí ohùn ìlù tó lọ sókè.”

N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ: agbára tí onílù ń lò hàn sí ojú kí ó tó hàn sí etí, ṣùgbọ́n nínú orin tèmi, ìró kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà kankan.

Nígbà tí a padà dé Kàbà, mo pa gbogbo ìró rẹ́. Kí a tó ṣeré, àbúrò mi yóò dúró láìmira fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò àpapọ̀ agbára ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà ìsinmi, yóò máa yọ ọ́ kúrò lára gbogbo iye tí ó bá tẹ̀lé e, èyí tí kò bá sì kọjá ààlà tí mo fi lélẹ̀ kò ní dún rárá. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ààlà yìí, nítorí òun ni ó ń fún oníjó ní àyè láti dákẹ́, ẹni tí kò bá sì lè dákẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jẹ́ kí ìtẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo darí nǹkan mẹ́ta: bí ìró ṣe rinlẹ̀ tó, bí ó ṣe ga tó, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó kú. Mo tún ń tẹ́ iye náà kí ó tẹ́jú, kí ó má baà máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ẹ jù, ìró yóò pẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀, oníjó yóò sì mọ̀ ọ́n lára kí olùgbọ́ tó mọ̀.

Fún sẹ́ńsọ̀ iṣan, èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara láti ka iná inú iṣan, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Iná tí iṣan ń mú jáde kéré púpọ̀, iná ilé wa sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ni mo fi gbọ́ ariwo kan tí ń kùn bí oyin nígbà tí mo so kọ̀ǹpútà mọ́ jẹnẹrétọ̀. Bátìrì nìkan ni kí ẹ lò, nítorí ariwo yìí àti nítorí ẹ̀mí ẹni tí wáyà wà lára rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi omi nu awọ ara kí ẹ tó lẹ ẹ.

Michel Waisvisz, olórin ará Netherlands tí ó gbé ohun èlò tí ó ń wọ̀ sí ọwọ́ jáde ní Amsterdam ní 1984, lo irú ohun èlò yẹn fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ra sẹ́ńsọ̀ tuntun mọ́. Fóònù kan náà àti ẹsẹ̀ kan náà ni a fi ń ṣe ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tí a tún lọ sí Ìsánlú, àbúrò mi dúró, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, kò sí ìró. Ó tẹ ilẹ̀ gìdìgbà, ohùn náà sì jáde. Mo wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọn kò wo sípíkà mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹjú mọ́.